Ojú Ọlọ Òkè Ìdómògún

Bàtà Olúyẹ́misí já kí wọ́n tó dé ìdajì òkè. Ó bọ́ èkejì, ó kó méjèèjì sínú báàgì pẹ̀lú fáìlì tó gbé wá láti Adó, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àpáta gbígbóná. Níwájú rẹ̀, Màmá Dùnmínínú, olórí àwọn obìnrin ìlú, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gòkè lọ bí ẹni tó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú ti Olúyẹ́misí, akọ̀wé ìjọba.

Òun kọ́ ló fẹ́ gun òkè. Ìjọba fẹ́ tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀: òkè wọn, odò wọn, iye ènìyàn wọn, ìtàn wọn. Olúyẹ́misí ló kọ ojú ewé ti Ìdómògún-Èkìtì, ó sì kọ ọ́ láti orí àga rẹ̀ ní Adó. Ìlú kékeré ni, ó ní. Ènìyàn rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Abúlé oko ni tẹ́lẹ̀, títì ló sọ ọ́ di ìlú. Ojú ewé yẹn ni wọn yóò gbára lé tí wọ́n bá fẹ́ gbé olú-ìlú lọ sí ibòmíràn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìdómògún. Ó kù kí àwọn àgbà buwọ́ lù ú, kó padà kí aago mẹ́rin tó lù.

Ní gbọ̀ngán ìlú láàárọ̀, àwọn ọkùnrin pariwo títí ohùn wọn fi há. Màmá Dùnmínínú kò pariwo. Ìbéèrè kan ló bi Olúyẹ́misí.

"Iye ènìyàn yìí, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"A rán àwọn ọmọ iṣẹ́ wa láti ilé dé ilé, Mà. Wọ́n bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí."

Ẹ̀rín bú jáde láàárín àwọn obìnrin. Ẹnìkan tiẹ̀ nu omi ojú.

"Mọ́kànlá ni mo bí," ni màmá náà wí. "Méjì ni mo sọ fún wọn. Ta ni í dúró lẹ́nu ọ̀nà ulé rẹ̀, kó máa ka ọmọ rẹ̀ fún àlejò?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Olúyẹ́misí, torí ó yẹ kó mọ̀. Ìyá tirẹ̀ ní Adó kò sọ iye ọmọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí o bá bi í, á ní wọ́n wà ńbẹ̀, á sì bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Èwo ni ti kí ọmọ Èkìtì máa fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kọ ìwé?

"Ká lọ," ni Màmá Dùnmínínú wí nígbà náà. "Kó o tó gba uwọ́ mi sórí ìwé rẹ, wá wo ùlú."

Wọ́n dé orí òkè báyìí. Àpáta náà tẹ́ lọ gbansasa, àwọn òkè mìíràn sì tò sẹ́yìn ara wọn títí wọ́n fi dà pọ̀ mọ́ òfurufú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Olúyẹ́misí ń wò. Kòtò ló kún orí àpáta náà, gígùn, tó ń dán, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ojú ọlọ ni," ni màmá náà wí. "Nígbà ogun, orí òkè yìí ni gbogbo ùlú sá wá. Ulé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìyàwó tí a bá gbé, ọjọ́ kẹsàn-án ló ń wá lọ ata lójú ọlọ ulé ọkọ rẹ̀. Títí dòní. Àwọn ti Èkó náà ń gùn ún, wọn á kàn máa ráhùn lójú ọ̀nà ni."

Lóòótọ́, ata pupa ṣì tutù nínú ọ̀kan. Olúyẹ́misí bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó ka igba ó lé mẹ́tàdínlógún, kò sì tíì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Kòtò náà gbé e mì dé ìgúnpá. Ata lásán, ọwọ́ obìnrin lásán, ló jẹ òkúta tó báyìí! Ìyàwó mélòó? 

Fóònù dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún.

"Ṣé wọ́n ti buwọ́ lù ú? Àwọn atẹ̀wé ń dúró."

"Ẹ yọ ojú ewé mi kúrò, Sà. Kì í ṣe òótọ́."

"Ìwé ò ní jáde nìyẹn! Orúkọ rẹ ni màá fi ránṣẹ́ sí wọn lókè o."

"Ẹ fi ránṣẹ́, Sà."

"Ó dáa, ènìyàn mélòó ló wá wà níbẹ̀?"

Olúyẹ́misí wo àpáta náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

"N kò mọ̀, Sà."

Ó pa fóònù náà, ó sì jókòó sórí àpáta. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ka ènìyàn fún ìjọba. Òní ni ẹ̀rù àwọn ènìyàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á.