Ojú Tó Wà Lórí Òpó

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, Ìyá Aránṣọ á ṣí fèrèsé, á gbójú sókè sí kámẹ́rà tí ìjọba gbé sórí òpó iná iwájú ilé rẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Lójú tirẹ̀, ẹnì kan wà tó jókòó síbì kan tó ń wò ó. Ẹni tó bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́, kíkí là á kí i. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ta ló tún kù tó ń mọ̀ bóyá ó jí?

Nígbà tí àdúgbò pèpàdé lórí kámẹ́rà ọ̀hún, pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣọ́ wa jàre," Onígbàjámọ̀ wí. "Látìgbà tó ti débẹ̀, ta ló tún fọwọ́ kan alùpùpù mi?"

"Alùpùpù tí kì í ṣiṣẹ́, ta ni yóò jí i?" Tíṣà dá a lóhùn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Yàrá Màmá gan-an ló dojú kọ. Màmá, wọ́n ń rí yín tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ aṣọ o! Ẹnu yín là ń wò. Tẹ́ ẹ bá ní kó kúrò, ó kúrò nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ ń yí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ fi sílẹ̀," ló rọra wí. "Ẹni tó wà níbẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu."

"Ẹni wo, mà?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe bi í; òun ni wọ́n pè wá ṣàlàyé. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gba àwòrán sílẹ̀. Àfi tólè bá jà ni wọ́n ń wò ó. Tí ò bá sí nǹkan, ó ń pa rẹ́ fúnra ẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wá a.

"Ẹ gbé e kúrò," ló ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lórí àkàsọ̀, ó ń tú kámẹ́rà. Bó ti mọ́ Ìyá Aránṣọ lára, ó ti sọ ọ́ kó tó ronú: "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o, mà! Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi Ìyá Aránṣọ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó rántí pé "A dúpẹ́" là ń wí, ọmọkùnrin náà ti tú kámẹ́rà tán, ó ti gbé àkàsọ̀ kọ́ èjìká, ó ti yà ní kọ̀rọ̀.