Bàbà Méjì Lẹ́nu Sìlíńdà Àtijọ́

"Wọn ò ṣe sáféètì irú èyí mọ́ o," ni ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wí. Ó yí ẹnu sìlíńdà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì tì í padà. "Bọ̀ọ̀dá, sìlíńdà yìí ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ kúkú ra tuntun."

"Tuntun wà nílẹ̀?"

"Rárá o. Ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Òmùwẹ̀, ẹni tó gbé sìlíńdà náà wá, rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ṣí omi dáàmù sílẹ̀ lókè odò, aago mọ́kànlá sì ti lù. Bí omi náà bá fi lè dé, ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ odò ti di ti òkun nìyẹn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ odò. Àná ni ọkùnrin náà yọ̀ ṣubú láti orí ọkọ̀ tí ń kó yanrìn, lẹ́bàá òpó afárá kẹta, kò sì jáde mọ́. Òmùwẹ̀ ti di èémí wọ inú omi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìn jù, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń jáde létí rẹ̀. Àwọn apẹja kó ìkọ́ onírin wá, wọ́n ní àwọn á máa wọ́ ọ nílẹ̀ odò títí tó fi máa kọ́ òkú náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà wọn. "Ẹ ò ní fi ìkọ́ fa ọkọ mi bí ẹja! Àbúrò mi wà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn." Òmùwẹ̀ sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun á gbé e wá ní odindi, kí àwọn ọmọ lè rí ojú bàbá wọn kí wọ́n tó sin ín.

Sìlíńdà kan ṣoṣo ló ní láti máa mí lábẹ́ omi, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un. Ní àárọ̀, bí Ìyá Afẹ́fẹ́, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí sìlíńdà àwọn òmùwẹ̀, ṣe ń fẹ́ tirẹ̀, sáféètì rẹ̀ bẹ́. Sáféètì yìí kò ju bàbà pẹlẹbẹ kan lọ, kò tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ̀gbẹ́ ẹnu sìlíńdà ló máa ń wà. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, òun ló ń kọ́kọ́ bẹ́, kí irin fúnra rẹ̀ má baà bẹ́ pa èèyàn.

Ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún ohun èlò panápaná ṣe. Ti ibẹ̀ tóbi jù. Ó lọ sí ilé ìtajà méjì mìíràn, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa sìlíńdà náà bí ẹni rí ẹran tó ti kú run nílé ayé. Nígbà tí aago méjì fi máa lù, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ló wà. Onítọ̀hún lu bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde, ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí.

"Ó fẹ́lẹ́ jù. Kí afẹ́fẹ́ tó tó ọ lò ló máa bẹ́. Fi méjì léra."

"Ọ̀gá, bí ó bá di méjì, kò ní bẹ́ mọ́ láéláé."

"Ṣebí ohun tí o ń wá nìyẹn? Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

Gbogbo òmùwẹ̀ ló mọ̀ pé a kì í fi méjì síbẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó gba méjèèjì, ó tò wọ́n léra, ó sì fi ìdè irin dè wọ́n pa.

Ó padà sọ́dọ̀ Ìyá Afẹ́fẹ́. Inú ìkòkò omi ńlá ni obìnrin náà máa ń gbé sìlíńdà sí kó tó tan ẹ̀rọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ gba gọ́ọ̀jì tó ń wọn afẹ́fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ ló fi ń mọ bí irin ṣe ń gbóná. "Bí sìlíńdà bá fẹ́ bínú, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbóná," ló máa ń wí, "bíi ti ọkọ mi."

"O rí sáféètì?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ọ̀kan lo fi sí i?" Bó ṣe máa ń bi gbogbo òmùwẹ̀ nìyẹn, ó ti dà bí ìkíni lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀kan ni, Màmá."

Ó tan ẹ̀rọ. Ọwọ́ gọ́ọ̀jì gòkè, ó kọjá ibi tí sáféètì ti bẹ́ láàárọ̀, ó ṣì ń lọ. Ìyá Afẹ́fẹ́ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ irin náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi etí tì í láti gbọ́ bóyá ó ń jò. Orí rẹ̀ funfun, ìrun rẹ̀ ń kan ẹnu sìlíńdà. Ẹ̀rù ba Òmùwẹ̀ dé inú egungun.

"Ẹ pa á! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Ó pa á. Ó yíjú sí i.

"Méjì ni?"

"Méjì ni, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

Ó rọra tú afẹ́fẹ́ náà jáde, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Láti ọdún mọ́kànlá, gbogbo òmùwẹ̀ yòókù ni mò ń tú ẹnu sìlíńdà wọn wò. Tìẹ nìkan ni mi ò tú wò rí." Ó gbé sìlíńdà náà jáde kúrò nínú omi, ó sì tì í sẹ́yìn ara rẹ̀. "Máa lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọjọ́ ti ń lọ."

Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tó dé etí odò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sínú iyanrìn, gèlè rẹ̀ wà lọ́rùn. Ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ méjèèjì, òfo ni.

"Sìlíńdà dà?"

"Kò ṣeé lò, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè wọlé."

"O ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí."

Ó dìde, ó lù ú láyà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Òmùwẹ̀ kò yẹra. Àwọn apẹja gbé ojú sápá ibòmíràn.

"Bí a ò bá lo ìkọ́, ẹ ò ní rí i sin," ni Òmùwẹ̀ wí. "Èmi fúnra mi ni màá di okùn náà mú. Bó bá kan nǹkan, ọwọ́ mi á mọ̀. Mi ò ní já a gbà, màá rọra fà á."

Obìnrin náà yíjú sí odò. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

"Níbikíbi tí ìkọ́ bá ti mú un, má sọ fún mi."

"Mi ò ní sọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wọ inú ọkọ̀ àwọn apẹja, ó sì na ọwọ́ gba okùn.