Àpótí Tí A Kì í Tú

Nínú ilé wa ní Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra, kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára ògiri. Ọdún mẹ́tàlélógójì la ti ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ yìí, láti 1973 títí di 2016 tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ orí tábìlì ni agogo wa ń jókòó sí bí àlejò, dígí fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó mutí yó, fọ́tò bàbá wa sì wà lórí àga kan ṣoṣo tó dára nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó kọ́kọ́ gbé òkú dìde.

Ìyá mi ló ṣòfin náà. Ó ní ẹni tó ń lọ kì í kan ìṣó.

"Níbo lẹ ń lọ, Màámi?" Láti ìgbà tí mo ti mọ ìró í ró ni mo ti ń bi í.

"Ibi tí wọ́n bá lé wa dé."

Ẹ má tíì bá a bínú. Lọ́dún 1969, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìjọba Gánà ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá wa ní kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan nígbà náà, igi ìrókò, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó yẹ kó fi di ẹrù, ìṣó ló fi ń yọ. Ọbẹ ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìṣó ò yọ, ọkọ̀ sì dé. Awakọ̀ ní ẹrù tí wọn ò bá tíì dì kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òun. Báyìí la ṣe fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ tòun ti aṣọ inú rẹ̀, tí ìyá mi wọ Ìnísà, ìlú bàbá wa, pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo tó wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí a padà sí Accra lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àpótí onírin mẹ́ta ni ìyá mi kọ́kọ́ rà, kó tó ra ìkòkò. Ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀, ó sì sọ wọ́n ní ẹrù ìlọ. Aṣọ tuntun kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ọṣẹ, káńfọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ, àti àwọn ìwé wa. A kì í tú u. Lọ́dún tí wọ́n bá fẹ́ dìbò, a máa ń gbé ìdérí sókè, a ó tún ti aṣọ mìíràn lé ti àtijọ́ lórí. 1992, 1996, 2000, gbogbo rẹ̀ ló kà. Bí àwọn ará Gánà bá ti ń to ìlà láti dìbò, ìyá mi náà ń to aṣọ.

Àwa tí a wà láàyè ńkọ́? Inú báàgì onílà ni aṣọ tiwa wà, nínú àpò sìmẹ́ńtì, lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá ń wá kọ́mú, màá kọ́kọ́ bá ẹja gbígbẹ pàdé.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2016, ọmọ mi Sherifa bí ọmọbìnrin. Ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni abiyamọ ń gba ogójì ọjọ́ rẹ̀ sí, nítorí náà ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀ nílé mi. Ó pè mí láti ọsibítù. Sherifa ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Mama, mepa wo kyɛw," ó fi Twi bẹ̀ mí, "àpótí wọ̀nyẹn, ṣé wọ́n ṣì wà? Ọmọ mi ò lè sùn sórí irin."

"Kí o tó dé, wọn ò ní sí níbẹ̀."

Mo sọ ọ́, ẹnu mi kò wárìrì. Mo lọ bá Fatawu, káfíńtà ní Mamobi, mo ní kó kan kọ́bọ́ọ̀dù fún mi, pẹpẹ mẹ́fà, ọ̀pá ìfaṣọkọ́ kan, ilẹ̀kùn méjì, kó wá kàn án mọ́ ògiri níbi tí àpótí wà. Onílé ní tí mo bá fẹ́ kí n kàn án mọ́ ọ̀run.

Lọ́jọ́rú, mo fi gèlè di ìbàdí, mo wọ abẹ́ ibùsùn. Agolo mílíìkì mọ́kànlá, ọ̀kankan kò ní ìdérí. Bàtà bàbá mi, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Abọ́ tánganran méjìlá tí wọ́n fi ṣe mí lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ, tí mo sì kó padà nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, bébà ara wọn ṣì wà lára wọn. Àpò èédú kan tó kún fún àpò èédú. Mo pín gbogbo rẹ̀ sí òkìtì mẹ́ta: tiwa, ti ẹni tó bá fẹ́, àti ti ààtàn. Ìyá mi jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀pá náà fa ti ààtàn padà sínú tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń wo ìta bí ẹni pé kì í ṣe òun.

"Màámi, agolo yẹn kò ní ìdérí."

"Ìwọ náà ò ní, a ò sì jù ọ́ nù."

Mo rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan àpótí àkọ́kọ́, ọ̀pá náà gbá mi lọ́wọ́.

"Ọdún ìdìbò nìyí, Àjọkẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi náà máa dìbò. Ìwé ìdìbò mi wà nínú àpò mi."

"Aṣọ tó ti wà nínú ẹrù ìlọ, tí ẹ bá tú u jáde, ìlọ ló máa dé."

"Ogójì ọdún ó lé la ò ti tú u. Ṣé a ti lọ?"

Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n mi Àlàmú ní Darkuman.

Bọ̀dá Àlàmú dé kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Ọkọ̀ èrò trótrò méjì ló wọ̀, inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́ láti inú ti àkọ́kọ́. Fatawu ti gbé pákó kọ́bọ́ọ̀dù dé pálọ̀, ó jókòó tì í, ó ń jẹ kẹ́ńkè rẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ tú ẹrù ìlọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ jókòó. Ẹ gbé Bàbá kúrò lórí àga."

Kò gbé Bàbá. Ó dúró. "Àjọkẹ́, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè wá lọ́jà?"

"Alata, bí wọ́n ṣe ń pe ará Nàìjíríà. Láti ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá pè mí ní Alata láàárọ̀, tó bá dọ̀sán á wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi."

"Bí wọ́n bá tún ní ká máa lọ ńkọ́?"

"Lọ síbo? Ẹ̀yìn ilé kan ní Tudu, ní Accra níbí, ni wọ́n sin ibi mi sí. Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mélòó lẹ lò ní Ìnísà nígbà tí ẹ lọ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ mẹ́rin."

"Ẹ sì ní omi ibẹ̀ ń run yín nínú."

Fatawu wúkọ́ sínú kẹ́ńkè. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i, Fatawu wo ẹja rẹ̀.

"Kí Sherifa tẹ́ ẹní sí pálọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí alàgbà tó ń parí ìjà. "Ogójì ọjọ́ náà ni. Ogójì ọjọ́ kì í ṣe ogójì ọdún."

Níbẹ̀ ni ara mi ti gbóná. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni kó sùn ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀fọn máa jẹ ẹ́, kí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ máa sùn ní yàrá? Bọ̀dá, nígbà tí Sherifa wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lẹ aṣọ rẹ̀ kan náà. Àwọn ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ tuntun tirẹ̀ wà nínú àpótí yìí, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo rà á, Màámi gbà á lọ́wọ́ mi kó máa dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa lé wa. Mo ti bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù yín tó. Ẹ̀rù yín kò ní gba ibùsùn ọmọ-ọmọ mi."

Ìyá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Tí o kò bá fẹ́ ẹ, èmi fẹ́ ẹ. Màá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Darkuman, èmi ni dáwódù. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, má wá kan ilẹ̀kùn mi."

"Ẹ kó wọn."

Ó rò pé màá bẹ òun. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká. Òun àti Fatawu gbé àpótí kékeré jáde, wọ́n gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ku èyí tó tóbi, tí ẹnikẹ́ni kò gbé kúrò níbi tó wà láti 1973. Àwa kàn máa ń ṣí i ni, a máa ń ti aṣọ sí i lókè.

"Rọra o, Àlàmú," ni ìyá mi wí. "Aṣọ bàbá rẹ wà nísàlẹ̀. Ìwé wa náà wà nísàlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ àpótí kan mú, Fatawu di èkejì. Wọ́n fà á, kò mì. Fatawu ní, "To, ẹ jẹ́ ká kà á." Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n gbé e sókè.

Àpótí gbéra. Ìdí rẹ̀ kò gbéra.

Ìpáàrà ti so irin náà pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ó ti di ara ilẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣàn jáde láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ 2012 ló kọ́kọ́ jáde, ó ṣì mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ti di àkísà. Nísàlẹ̀ pátápátá, kò sí aṣọ, kò sí ìwé. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ni, iyẹ̀pẹ̀ ikán, tó rí gbọ̀ngbọ̀n, tó ní ihò. Ikán ti gba inú ilẹ̀ wọlé, wọ́n ti jẹ ẹrù ìlọ tán kí a tó rí ibi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó gbé àpótí tí kò ní ìdí dání, èèyàn lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti inú àpótí náà.

Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo ní i. Mo gbé e mì.

Ìyá mi dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ohun kan tó ní àwọ̀ búlúù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á yọ. Kọ́là aṣọ ọmọdé ni, pẹ̀lú bọ́tìnnì funfun méjì. Ìyókù fọ́ dànù lọ́wọ́ rẹ̀ bí àkàrà àná.

"Ti Sherifa nìyí," ó wí.

"Òun ni, Màámi."

"Kò wọ̀ ọ́ rí."

"Kò wọ̀ ọ́ rí."

Ó di kọ́là náà mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn òkìtì mi mẹ́ta, ó sì jù ú sórí ti ààtàn, òun fúnra rẹ̀. Kò fi ọ̀pá fà á padà.

"Èyí tí a kàn mọ́ ògiri, a fi sílẹ̀," ó wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. "Èyí tí a kò kàn náà, kò lọ." Ó yíjú. "Fatawu, ìṣó rẹ dà?"

"Ó wà, Hajiya." Hajiya ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Mẹ́kà rí. Fatawu na ìṣó kéékèèké sí i.

"Kí nìyí? Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù lo fẹ́ kàn, àbí o fẹ́ gún etí fún ọmọ tuntun? Mú èyí tó gùn wá. Èyí tó bá gùn jù nínú àpò rẹ."

Fatawu tú àpò rẹ̀, ó mú ìṣó tó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ jáde. Ìyá mi dì í mú, ó wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó dá a padà fún un. Bí òòlù ṣe lu èyí àkọ́kọ́ wọ ògiri, erùpẹ̀ funfun bọ́ sí i lórí gèlè. Kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí náà sílẹ̀ ni. "Màámi," ó wí, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ ọdún méjìlá tó jẹ́ nínú ọkọ̀ 1969, "bí wọ́n bá tún ní ká máa lọ ńkọ́?"

"Kí ẹni tó bá fẹ́ lé mi mú ẹ̀mú dání nígbà tó bá ń bọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣó àkọ́kọ́. Màá máa wò ó."

Ó na ọwọ́ sí òòlù tí Fatawu ń lò, ó gbà á, ó fi í lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni dáwódù. Kan ìṣó kan fún bàbá rẹ, kí o gbé e kọ́, kó kúrò lórí àga yẹn. Ẹsẹ̀ ń ro mí láti 1973. Mo fẹ́ jókòó."