Búrọ́ọ̀ṣì Àwáwù

Ní Ṣakí, nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, kò sí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ tutù lórí irun bí Àwáwù, ìyàwó Ràmọ́nì oníṣu. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọmọ ahunṣọ. Bàbá rẹ̀ ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ irun lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ibẹ̀ sì ni Ràmọ́nì tó ń kó iṣu lọ tà ti rí i, tó fẹ́ ẹ wá sílé.

Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹní kan wà níbẹ̀, àti àpótí tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé, abọ́ òrí kan, àti apẹ̀rẹ̀ tó kó àwọn ìyarun àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí. Ohun tó ń mú àwọn èèyàn wá ni pé kì í fi irinṣẹ́ kan náà ṣe gbogbo orí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà, òòyà kan ṣoṣo ni ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ jọ ń lò. Àwáwù á kọ́kọ́ fi ìka wo irun náà ná, bóyá ó gbẹ, bóyá ó ki, bóyá awọ orí ń ro ẹni tó ni ín. Òòyà onígi tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ló fi ń tú èyí tó ta kókó, láti ṣóńṣó ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa bọ̀ wá sí ìdí díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀, irun ló ń fà tu. Búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà tí eyín rẹ̀ le wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń dá irun sí roboto láìdì. Èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ irin, kò jẹ́ kó kan orí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù nínú gbogbo wọn ni búrọ́ọ̀ṣì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ igi, tí irun dúdú kún ojú rẹ̀ dẹ́dẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Tó bá ti di ṣùkú tàbí kọ̀lẹ́sẹ̀ tán, yóò fi òrí díẹ̀ kan búrọ́ọ̀ṣì náà, yóò sì rọra fi tẹ́ etí irun náà títí yóò fi máa dán. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ìrù ẹṣin ni wọ́n fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un o. Òun ló rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn búrọ́ọ̀ṣì yìí jù ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ràmọ́nì. Láti ìgbà ọmọge ni Ìyá Ràmọ́nì ti ń ru òrí láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá sí ọjà Ṣakí, ẹrù sì ti jẹ irun àárín orí rẹ̀. Èyí tó kù létí fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dùn ún débi pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kí Àwáwù tó dé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun aláàsárì, yóò wá jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, yóò sì gbé orí fún un kó lè tún un ṣe de ọjọ́ Jímọ̀. Ìgbà mìíràn, oorun á gbé e lọ níbẹ̀. Irun tuntun tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tó ti pá. Ó ń ṣàdúrà fún Àwáwù, ó ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ ni Ọlọ́run fi ṣe òun lóore, kì í ṣe ìyàwó.

Ọmọbìnrin tí Ìyá Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ bí ń gbọ́ gbogbo èyí. Àrínọlá lorúkọ rẹ̀, òun ló tẹ̀ lé Ràmọ́nì. Ilé ọkọ ló wà ní Ago-Àmọ̀dù tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí kò rọ́mọ bí, ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn, ayé sì sú u níbẹ̀, ló bá kó ẹrù padà wálé bàbá rẹ̀ wá dá ilémosú. Ẹnì kan ti fi kírìmù tó ń mú irun nà sí i lórí kó tó kúrò ní Ago-Àmọ̀dù. Ó jó o. Iwájú orí rẹ̀ pá, ó sì ń dán, ìdí nìyẹn tí gèlè kò fi ń kúrò lórí rẹ̀. Àwáwù kò lè pè é lórúkọ, nítorí ọkọ rẹ̀ ni nínú ilé náà. Ẹyinjúẹgẹ́ ló ń pè é.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń sún mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún àwọn tó fẹ́ dirun. Àrínọlá jáde sí wọn, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì ní kí ìyàwó bá òun di ṣùkú kan tí yóò bo iwájú yìí, nítorí òun rí bí ti ìyá àwọn ṣe ń hù. Ó ti pẹ́ kó tó lè sọ ọ́. Àwọn obìnrin ń wo orí rẹ̀. Ẹnu Àwáwù sì máa ń dùn níwájú èrò.

Ó ní, “Ẹyinjúẹgẹ́, búrọ́ọ̀ṣì mi kì í hu irun lórí àpáta. Ẹ jẹ́ kí n fi òrí pa á, kó máa dán.”

Ẹ̀rín bú. Obìnrin kan yí lulẹ̀ lórí ẹní. Àrínọlá náà rẹ́rìn-ín, ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó wọlé. Nígbà tí èrò tú ká, Àwáwù lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní àwàdà ni. Àrínọlá ní kí ló dé tí ìyàwó ò ní bá ọkọ ṣàwàdà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fà á dìde.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, Àrínọlá lọ sọ́jà lọ bá Mùstàfá tó ń ta wosiwosi. Ó fẹ́ ra irú búrọ́ọ̀ṣì náà kó máa fi tọ́jú orí ara rẹ̀ nínú yàrá. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un: ẹ̀yìn onígi, irun dúdú tó le díẹ̀ tí kì í sì í dunni. Mùstàfá mi orí.

“Ẹ má ra irú ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo kó o wá rí, nígbà tí mo gbọ́ ohun tó jẹ́, mo dá a padà.”

Àrínọlá bi í bóyá kò lè jẹ́ ìrù ẹṣin. Mùstàfá ní ti ẹṣin máa ń rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlẹ́dẹ̀ ló máa ń là sí méjì ní ṣóńṣó. Ó ní bí irú rẹ̀ bá wà nílé wọn, kí wọ́n tètè sọ ọ́ nù. Àrínọlá dúpẹ́, ó ra ìyarun rọ́bà kan, ó lọ sílé. Nígbà tí ilé dá, ó mú búrọ́ọ̀ṣì náà nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn, ó wo ṣóńṣó àwọn irun náà. Wọ́n là sí méjì. Ó dá a padà síbi tó wà.

Kò sọ̀rọ̀. Ààwẹ̀ wọlé, kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń gbé orí fún Àwáwù, tó ń dìde, tó ń ṣe àlùwàlá, tó ń fi ọwọ́ tútù ra orí kan náà, tó sì ń foríkanlẹ̀. Ìgbà mìíràn, òun gan-an ni yóò pe Àwáwù síta, yóò ní irun ìyá àwọn ti ń gbẹ, kó wá bá wọn tún un ṣe. Ọjọ́ kan wà tí ìyá náà ń ṣàdúrà sókè kí Ọlọ́run fún Àrínọlá lọ́mọ, omi bọ́ lójú Àrínọlá, ọ̀rọ̀ náà sì dé ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́ ẹ̀rín Àwáwù àti ti oníbàárà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rò pé orí òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mì.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra Mẹ́kà fún Ìyá Ràmọ́nì. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àsàláátù wá bá a ṣàdúrà ìrìn àjò, àgbàlá kún fún obìnrin aláṣọ funfun. Ìyá náà ní kí Àwáwù tún irun òun ṣe lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè rí ọwọ́ ìyàwó òun. Àwáwù dì í, ó fi òrí kan búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fi tẹ́ ẹ. Wọ́n ń yìn ín. Àrínọlá dìde dúró láàárín wọn.

“Ìyàwó, sọ fún àwọn ìyá wa. Irun kí ló wà lára búrọ́ọ̀ṣì yẹn?”

“Irun ẹṣin ni, Ẹyinjúẹgẹ́.”

“Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni.”

Ọwọ́ Ìyá Ràmọ́nì gòkè lọ sí orí rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì. Kò fẹ́ fọwọ́ kan orí ara rẹ̀ mọ́.

Àrínọlá ní kí wọ́n bi Mùstàfá oníwosiwosi, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é láti ọjà. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì náà, ó wo Àrínọlá, ó ní òótọ́ ni. Wọ́n pe Ààfáà. Ààfáà ní kí ìyá fi omi wẹ orí dáadáa, ó ti tán. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run aláàánú ni. Àwáwù wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi Kùránì búra pé òun ò mọ̀. Àmọ́ Ìyá Ràmọ́nì kò gbọ́ ti Ààfáà, kò gbọ́ ti ìyàwó. Ohun tó ń sọ kò ju pé gbogbo ààwẹ̀ ni òun fi orí tí ẹlẹ́dẹ̀ ti kàn wólẹ̀ fún Ọlọ́run òun. Ó ní kí wọ́n mú abẹ wá.

Àrínọlá ló fá a fún un. Ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó rọra fá a, irun tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sì ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́. Nígbà tó tán, ìyá náà wo Àwáwù, ó ní ó ku ẹnì kan.

Àwọn obìnrin méjì dì í lápá mú. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ràmọ́nì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wo orí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti fá korodo, ó sì wolẹ̀. Àrínọlá kò fi omi sí ti Àwáwù. Gbígbẹ ló fá a, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níbi tí abẹ bá ti kọ́. Mọ́ládé, ọmọ Àwáwù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀, ń ké ní igun àgbàlá. Lẹ́yìn tí ó fá a tán, Àrínọlá ki ọwọ́ bọ abọ́ òrí, ó tẹ̀ sí i létí, ó ní, “Jẹ́ kí n fi òrí pa á, kó máa dán.” Ó sì pa á, ojú ọgbẹ́ àti gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mùstàfá wá sílé wọn. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Níwájú Ìyá Ràmọ́nì àti Ràmọ́nì, ó ní kí ààwẹ̀ tó wọlé ni òun ti sọ fún Àrínọlá, òun sì rò pé ó ti kìlọ̀ fún wọn. Àwáwù gbọ́ láti inú yàrá. Ó fi aṣọ borí, ó jáde wá kúnlẹ̀. Ó rò pé ó ti tán, pé òtítọ́ ti dé.

Ìyá Ràmọ́nì bi Àrínọlá bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àrínọlá kò sẹ́. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùstàfá, ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ó sì dúró kó jáde tán.

Ó ní, “Ìyá Mọ́ládé, Àrínọlá ni mo bí. Bí mo bá lé e, ibo ni yóò lọ? Ìwọ ní ilé bàbá.”

Ràmọ́nì la ẹnu. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ìbínú rẹ̀ ló fẹ́ kí òun gbé lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Ó pa ẹnu dé. Àwáwù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ọmọ òun, ó kéré. Ìyá náà ní ọmọ Ràmọ́nì ni, kò ní kúrò nílé.

“Àrínọlá ò rọ́mọ bí. Yóò tọ́jú rẹ̀ dáadáa.”

Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù dé ibùdókọ̀. Kò rí nǹkan sọ ju pé kó ṣe sùúrù.

Àwáwù padà sí Ìsẹ́yìn, ó ń bá bàbá rẹ̀ ká òwú sínú àkàtà tí wọ́n fi ń hunṣọ. Irun rẹ̀ hù padà, àyàfi níbi tí àpá wà. Lẹ́yìn tí Ìyá Ràmọ́nì ti Mẹ́kà dé, tó di Àlájà, Ràmọ́nì kó àwọn àgbà wá bẹ̀bẹ̀. Àwáwù ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́: kí òun àti Àrínọlá má gbé ilé kan náà. Ràmọ́nì ní arábìnrin òun kò níbi tí yóò lọ. Ó wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé ó ti fẹ́ ọmọ Ọ̀fíkì kan.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí Àwáwù tó lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé Ṣakí. Ó rán aṣọ kan fún Mọ́ládé, ó sì mú un lọ. Ó bá Mọ́ládé àti Àrínọlá lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pa ẹ̀pà. Ọmọ náà ti ga. Ó wo Àwáwù, ó sì yíjú sí Àrínọlá, ó bi í pé ta ni.

Àrínọlá ní, “Kúnlẹ̀, kí àlejò.”

Mọ́ládé kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ìrìn, mà. Àwáwù jẹ́ ẹ, ó ní ó ṣeun, Ọlọ́run yóò dá a sí. Ó fún un ní aṣọ náà. Àlájà jáde, ó kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rí, ó ní kó wọlé wá jẹun. Àwáwù ní òun ti yó. Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ìsẹ́yìn, obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá ilé rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ó ní rárá, àwọn èèyàn kan ni òun lọ kí.