Ìyá Bíréèkì Kò Sunkún Lójú Fèrèsé

Ẹni tó bá ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ rẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Bíréèkì. Obìnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́ sún mọ́ ọkọ̀ iwájú jù, yóò ké "Bíréèkì!" débi pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì pàápàá á dúró gbagidi. Ó ti kọ́ ìyàwó, ó ti kọ́ ọkọ, ó tún ti kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Mọ́tò kékeré kan tí awọ ìjókòó rẹ̀ ti bó ló fi ń ṣiṣẹ́. Bíréèkì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, òmíràn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó sì ní èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun ni Ọlọ́run fi ń dá ẹ̀mí òun sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà kò mọ ọkọ̀ wà, ìwé ló ń kọ. Nígbà tí ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó kó o sẹ́yìn mọ́tò, ó ń fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́.

"Ọmọ mi ló kọ ọ́ o. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, àwòrán ẹ̀ nìyẹn. Ojú mi ló gbé."

Òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣí i. Ó ní òun á kà á tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀, ọwọ́ yẹn kò sì dilẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ apoògùn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Apoògùn yìí jẹ́ obìnrin gíga kan tó mọ orúkọ gbogbo oògùn tó wà láyé, àmọ́ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn wọ àyè ìgbọ́kọ̀sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ mọ́tò, ó de bẹ́líìtì, kò sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ Ìyá Bíréèkì ló dì mú.

"Ẹ kú ìfaradà, mà."

"Ìfaradà kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀ náà. Mo ka ìwé yẹn tán lánàá. Ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan, mo ti mọ̀." Omi ti ń yọ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ohun tójú yín rí nìyẹn."

Ìyá Bíréèkì rò pé èèyàn kan ló kú. Kó tó béèrè ẹni tó jẹ́, apoògùn ti tan mọ́tò, wọ́n ti wọ títì. Dípò kó máa wo iwájú, ojú àánú ló fi ń wo olùkọ́ rẹ̀. "Bíréèkì!" dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, àfi gbàà! Wọ́n ti gbá garawa ìdalẹ̀nù oníbúrẹ́dì ṣubú, ìdọ̀tí ti dà sílẹ̀ káàkiri.

Bí oníbúrẹ́dì yìí àti Ìyá Bíréèkì ṣe máa ń fojoojúmọ́ jà lórí ẹni tó gbé mọ́tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò. Ó sáré jáde, ìyẹ̀fun kún apá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là láti bú èèyàn. Ló bá rí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò. Ó ṣí fìlà.

"Háà, Màmá, ẹ̀yin ni? Kò burú, kò burú rárá. Ìyàwó mi ka ìwé náà sí mi létí. Ẹ ti jìyà, Màmá." Ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná jáde, ó kó o lé e nítan.

Nígbà tí oníbúrẹ́dì kò bú u yìí gan-an ni àyà Ìyá Bíréèkì tó já. Ó ní kí apoògùn máa lọ sílé, ó wa mọ́tò padà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì jókòó ti ìwé náà.

Ìtàn aránṣọ kan ni. Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí, ó já ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ó ń súfèé lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á dúró lójú fèrèsé, á máa wo títì, omijé á máa ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìdún. Kì í jẹun. Kì í bínú. Kì í bú ẹnikẹ́ni. Ìyá Bíréèkì pòṣé ní ojú ìwé kìíní, ó pòṣé ní èkejì, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìwé sọ̀rọ̀. "Jókòó, ẹsẹ̀ ò dùn ẹ́ ni?" "Jẹun, ìwọ obìnrin yìí!" Nígbà tó dé ibi tí ọkọ padà dé, tí aránṣọ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde fùú, ó sì kígbe sí ògiri: "Tilẹ̀kùn mọ́ ọn!"

Ohun tó wá dùn ún jù ni pé aránṣọ náà ní àmì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ó lọ síwájú dígí, ó wo ẹ̀gbẹ́ imú tirẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ọmọ rẹ̀ ń fọ irun lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń lu ilẹ̀kùn. Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ọṣẹ lórí.

"Èmi ni mò ń dúró lójú fèrèsé?" ni Ìyá Bíréèkì fi kí i.

"Màámi, ẹ káàbọ̀. Ìtàn lásán ni. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Àmì ẹ̀gbẹ́ imú ẹ̀ ńkọ́? Imú ta nìyẹn?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló nímú, Màámi."

"Fèrèsé wo gan-an? Ilé tá a gbé nígbà yẹn, ògiri ilé ẹlòmíì ni fèrèsé ẹ̀ kọjú sí! Tí mo bá dúró síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa wò, bíríkì?"

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó nu ojú, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Ó dáa. Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ? Ẹ ò sọ fún mi rí."

"O ò bi mí rí."

"Mo ti ń bi yín báyìí."

Ìyá Bíréèkì fa ìjókòó sún mọ́ ọn. "Mo mọ̀ pé ó fẹ́ lọ, ó ti ń to aṣọ láti ìdájí. Mo mọ̀ pé mọ́tò ló fẹ́ gbé lọ. Mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ bátìrì, mo gbé e sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, mo kó àwọn aṣọ tó o tọ̀ sí lé e lórí. Ó jáde, ó ń súfèé. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Ó tún un yí. Súfèé dáwọ́ dúró. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ohun tó ṣe mọ́tò. Mo ní èmi tí mi ò mọ mọ́tò wà, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ìwọ ọmọ yìí. Àpótí yẹn wúwo, ó ń gbá a ní orúnkún. Bó ṣe yà ní kọ́nà, mo sun odindi adìyẹ, èmi pẹ̀lú ẹ jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ ò tíì mọ ọkọ̀ wà nígbà yẹn?"

"Inú àgbàlá ni mo ti kọ́ ara mi. Mo wó ilé adìyẹ, mo gun bàsíà ìfọṣọ mọ́lẹ̀. Nígbà tó wá padà dé, tó kan ilẹ̀kùn, mo bi í bóyá ọkọ̀ ló fẹ́ kọ́, nítorí àwọn èèyàn wà lórí ìlà níwájú ẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ sunkún, Màámi. Mo rí yín. Inú mọ́tò lẹ wà nínú àgbàlá. Ẹ tan wáípà, ó ń lọ ó ń bọ̀, òjò kankan ò sì rọ̀."

Ìyá Bíréèkì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò ríran mọ́," ló sọ. "Mo rò pé gíláàsì ló dọ̀tí."

"Mo gbé ẹkún yín lọ sójú fèrèsé nítorí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ pé èèyàn tan wáípà torí omijé ara ẹ̀."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ta ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, a ò lè sọ, àmọ́ ẹni tó ń gbé lókè ilé wọn fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ fún wọn kí wọ́n dákẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn obìnrin tó ń pàdé ní ilé ìkàwé láti jíròrò ìwé pe òǹkọ̀wé wá. Ìyá Bíréèkì ní òun ń bá a lọ, ó sì búra pé òun ò ní lanu. Ìjókòó iwájú ló mú. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn. Ó dìde, ó yin aránṣọ inú ìwé náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di áńgẹ́lì.

"Obìnrin tòótọ́! Kò ráhùn, kò bínú. Níbo ni òǹkọ̀wé wa ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá ti di ẹnu pọ̀ débi pé ètè rẹ̀ ti funfun.

"Màámi, ẹ kúkú sọ ọ́," ni ọmọ wí.

"Mo bínú!" ni Ìyá Bíréèkì ké, ìwé sì bọ́ lọ́wọ́ alága. "Mo bínú gidi gan-an!" Ló bá rọ́ ti bátìrì fún wọn látòkèdélẹ̀. Nígbà tó dé ibi àpótí tó ń gbá orúnkún, apoògùn tó jókòó lẹ́yìn ti ń fi ọwọ́ lu ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rín rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ nawọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ tinrín. "Ẹ̀yin ò wá sunkún rárá ni, mà?"

Ìbá rọrùn fún Ìyá Bíréèkì láti sọ pé rárá. Ó wo nọ́ọ̀sì náà dáadáa, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ló ń béèrè.

"Mo sunkún," ló wí. "Mo sunkún dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrọ̀lẹ́ o, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú. Alága bá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní nígbà tí ọkọ òun ní òun ò gbọdọ̀ lọ ṣe ìdánwò tíṣà, òun gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, òun ní òun ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìdánwò ni mo lọ ṣe. Nígbà tí mo dé, ọmọ ń ké, òun náà ń ké." Bí ẹnu gbogbo wọn ṣe là nìyẹn, kálukú ń rọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ìwé mọ́ títí tí olùtọ́jú ilé ìkàwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná lórí wọn.

Ọmọ náà ti ń kọ ìwé kejì báyìí. Ìyá rẹ̀ ní òun gbọ́dọ̀ kà á kó tó kúrò nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé orí àkọ́kọ́ wá. Obìnrin inú rẹ̀ ń ja ìjà láàárọ̀, ó ń ja ìjà lálẹ́, ó gbá ọlọ́pàá létí, ó gbé ẹ̀rọ ìlọta sórí gun òkè. Ìyá Bíréèkì nà sórí àga gígùn, ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú.

"Kò burú. Àmọ́ ìgbà wo ni eléyìí máa sùn?"

"Sùn bí i ti báwo, Màámi?"

"Kó sùn. Kó sùn dé ọ̀sán, kẹ́nikẹ́ni má pè é." Ó yán, ó yí ojú sí ògiri. "Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ọmọ náà fa bírò yọ. Kó tó kọ ọ́ tán, ìyá rẹ̀ ti ń hanrun. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kan ilẹ̀kùn, ó ní àkókò ẹ̀kọ́ òun ti tó. Ọmọ yọ orí síta, ó fi ìka lé ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la. Wọn ò sí nílé."