Ta Ni Yóò Fọ Abọ́ ní Kánádà?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín líìgì họ́kì orí yìnyín àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà àti ti Yúróòpù, ẹ má wulẹ̀ da ọ̀jọ̀gbọ́n kankan láàmú. Ẹ lọ bi Olúbọ̀dé, sẹkiọ́rítì tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá Vicarage Field ní Barking, ní London. Ẹ̀yin lẹ máa sá, òun kò ní dákẹ́.

Ọkùnrin yìí kò mọ yìnyín kankan tẹ́lẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń jù sínú kóòkì lọ. Mìdé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló sọ ọ́ di ọ̀mọ̀ràn. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń wọ bàtà onírin sáré lórí yìnyín ní Romford, tó ń fi igi tí ìdí rẹ̀ wọ́ gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ń wọ funfun láìwọ bàtà, ọmọ ń wọ irin lẹ́sẹ̀ lórí funfun. Ní báyìí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ méjì sì ń pè é, ọ̀kan ní Kánádà, ọ̀kan ní Swídìn. Ó gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó parí.

"Kánádà ni!" Olúbọ̀dé lu tábìlì, ọbẹ̀ ta sókè. "Pápá wọn kéré, kóo tó ṣẹ́jú o ti kọ lu ẹni ẹlẹ́ni. Eré lónìí, eré lọ́la, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sùn. Bí ìjà bá sì dé, rẹfirí á ní kóo lọ jókòó sínú kọ́lọ́fín fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wàá padà wá máa ṣeré rẹ. Ibẹ̀ ló ń sọ ọmọ di ọkùnrin!"

"Ìjà?" Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Longbridge, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kò tíì bọ́ kóòtù. "Bàbá Mìdé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣa eyín rẹ̀ nílẹ̀ lórí yìnyín? Swídìn ni. Ẹni tó bá jà níbẹ̀, wọ́n á lé e jáde ni. Ilé-ìwé láàárọ̀, họ́kì lọ́sàn-án. Ẹgbẹ́ kan náà ló ń fa ọmọ lọ́wọ́ títí yóò fi bá àwọn àgbà ṣeré. Ó sì sún mọ́ wa. Tí mo bá se ìrẹsì kí n tó kúrò nílé, á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo bá débẹ̀."

"Mummy, Daddy, èmi ò—"

"Dákẹ́!" Olúbọ̀dé ní. "Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lórí ayé rẹ."

Mìdé jẹ dòdò méjì kó tó tún lanu.

"Àwọn ará Kánádà ti rí family tí wọ́n máa fi mí sọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Doreen."

Ṣíbí Olúbọ̀dé dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu.

"Tún un sọ. Wọ́n máa fi ọ́ sọ́dọ̀ ta?"

"Sọ́dọ̀ Doreen."

"Ọmọ ọ̀dọ̀!" Olúbọ̀dé fò dìde. "Èmi Olúbọ̀dé, kí n wá dé London tán, kí ọmọ mi lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Kánádà?"

Ohun tójú rẹ̀ rí ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun ló ń pọnmi kí àkùkọ tó kọ. Abọ́ tí kò jẹun nínú rẹ̀, òun ló ń fọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá jẹun tán, orí ẹja nìkan ló ń kù fún un, ojú ẹja a sì máa wò ó bí ẹni tó ń bá a kẹ́dùn.

"Wọ́n tún lè fi mí ṣe pàṣípààrọ̀," Mìdé fi kún un. "Tí ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ mi, wọ́n á fún wọn lẹ́lòmíràn, màá di ẹrù mi."

"Pàṣípààrọ̀! Bíi ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá padà sí ṣọ́ọ̀bù? Ó parí! Swídìn ni!"

Fẹ̀hìntọlá ti borí. Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni, ìtàn á ti tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu obìnrin náà ná."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pe Doreen lórí fóònù, ojú kojú. Òyìnbó onífìlà òwú kan yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé wọ kóòtù sórí ṣòkòtò ìsùn, ó sì fi ohùn tó fi ń dá olè dúró ní Vicarage Field bi í pé, "Madam, ta ló ń fọ abọ́ nílé yín?"

"Abọ́ kẹ̀?" Doreen ní. "Èmi ni. Ọmọ yín kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi náà ni màá fọ aṣọ rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Kó ṣáà ti ṣeré, kó sùn."

Olúbọ̀dé na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Halleluyah! Ọmọ ọba! Kánádà ni!"

Fẹ̀hìntọlá dágbére fún Doreen tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó pa fóònù, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀.

"Kò ní lọ."

"Há? Kí ló tún dé?"

"Oúnjẹ lórí bẹ́ẹ̀dì! Láti ìgbà tọ́wọ́ ọmọ yìí ti tó ẹ̀rọ omi ni mo ti ń kọ́ ọ ní fífọ abọ́. Kí Doreen wá bà á jẹ́ fún mi láàárín ọdún kan? Tó bá padà dé, ta ló máa fẹ́ ẹ? Àbí èmi ni màá máa gbé oúnjẹ gòkè fún un?"

"Ìyá Mìdé, ṣebí a ti ní kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀tọ̀ lọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀tọ̀ lọmọ tí a kọ́."

Ó pe kóòṣì Swídìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anders, tí ojú rẹ̀ dà bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà. Ìbéèrè kan náà ló bi í. Anders ronú títí.

"Àwọn ọmọ ń gbé pọ̀ nílé kan," ó ní. "Kálukú ló ń bójú tó abọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi abọ́ ìdọ̀tí sílẹ̀, kò ní bá wa ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ kejì."

"Ẹni Ọlọ́run!" Fẹ̀hìntọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún fóònù.

Olúbọ̀dé sún mọ́ fóònù náà. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Abọ́ tirẹ̀? Kì í ṣe abọ́ ẹlòmíràn?"

"Abọ́ tirẹ̀ nìkan."

Olúbọ̀dé jókòó pẹ̀lẹ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Sweden ni mo fẹ́ láti Monday," Mìdé ní. "Pápá wọn fẹ̀. Mi ò tóbi, Daddy, mo yára ni. Ní Kánádà wọ́n á tẹ̀ mí pẹlẹbẹ mọ́ ògiri. Ní Sweden, wọ́n á kọ́kọ́ lé mi bá ná."

"Kí ló dé tóo ò sọ?"

"Ẹ ní kí n dákẹ́."

Báyìí ni Mìdé ṣe lọ. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi pe bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti jẹ góòlù kan. Ó ní òun sáré dé iwájú àwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó rántí wá òun. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Daddy, ẹ má sọ fún Mummy o. Ẹ̀rọ ló ń fọ abọ́ níbí. A kàn ń tò ó sínú rẹ̀ ni."

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni Mìdé wí?" Fẹ̀hìntọlá kígbe láti pálọ̀.

"Ó jẹ góòlù kan! Ó sì ní abọ́ ibẹ̀ mọ́ tónítóní!"

"Ẹ ṣé o, Jésù! Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀kọ́ ilé!"

Olúbọ̀dé ti fóònù bọ àpò, ó tún ti ọwọ́ méjèèjì bọnú fóòmù ọṣẹ dé ìgúnpá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn. Ṣé láti ìgbà tí Mìdé tó ń fọ abọ́ ti kúrò nílé, Doreen kò ṣáà lè wá láti Kánádà wá fọ abọ́ nílé wọn ní Eastbury.

"Bàbá Mìdé, ẹ má gbàgbé ìkòkò ọbẹ̀ o!"

"Mo ti rí i, mà," ni ọmọ ọ̀dọ̀ dáhùn.