Adìẹ Ọ̀ṣuntóyìn àti Itan Ṣóyẹmí

"Dì í mú, Fádípẹ̀," ni Ògúndèyí wí, ó sì dá ẹsẹ̀ adìẹ náà.

Adìẹ ké. Ṣóyẹmí, ẹ̀gbọ́n Fádípẹ̀, tó nà lórí ẹní, ké jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti to tirẹ̀ tán.

Ọdún tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ni. Igbà já mọ́ Ṣóyẹmí lórí ọ̀pẹ lọ́nà Odogbolu, itan rẹ̀ dá. Ògúndèyí ló ń to eegun ládùúgbò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó bá to ti ènìyàn, á dá ẹsẹ̀ adìẹ kan, á to òun náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn yóò dìde.

"Adìẹ mi tó ń yé lọ́wọ́!" ni Ọ̀ṣuntóyìn, ìyàwó Ṣóyẹmí, wí. "Bàbá, ṣé ẹ ò lè lo arúgbó adìẹ ni?"

"Arúgbó kì í tètè rìn. Àbí kí ọkọ rẹ pẹ́ nílẹ̀ ló wù ọ́?"

Ó lọ gbé agò wá, ó fi dé adìẹ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣóyẹmí ń mí gúlegúle. Àmì pupa wẹ́wẹ́ yọ sí i láyà àti abíyá. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ ta ni. Ó wo adìẹ lábẹ́ agò.

"Ẹ kú ilé o, àna mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde nítorí mi."

Adìẹ kò dìde.

Ògúndèyí ju àgbàdo sí adìẹ. Ó ṣà á jẹ.

"Orí tirẹ̀ pé," ni Ògúndèyí wí.

"Ẹ ò rí i!" ni Fádípẹ̀ pariwo. "Orí ẹ̀gbọ́n mi ló fi ń jẹun! Ó ti gbé tirẹ̀ lé e lọ́rùn." Ó fa ọ̀bẹ yọ. "Ẹ jẹ́ kí n pa á, kí orí wálé."

"Ọ̀rá inú eegun tó dá ló bá ẹ̀jẹ̀ gun ọpọlọ," ni Ògúndèyí wí. "Mo ti rí i lára ẹni méjì. Ọ̀kan yè."

"Èkejì ńkọ́?" ni Ọ̀ṣuntóyìn bèèrè.

"Wọ́n gbé e kiri. Ẹ má mi ẹsẹ̀ yẹn."

Fádípẹ̀ ṣí agò. Ọ̀ṣuntóyìn ti gbé adìẹ mọ́ àyà.

"Ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ dúńbú mi. Bí èyí bá kú, ta ni yóò rìn ṣáájú ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ìyàwó, ṣebí ìwọ lo ń sunkún ẹyin lánàá?"

"Ọ̀rọ̀ ẹyin ti kúrò níbẹ̀."

Kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Fádípẹ̀ náà kò lọ. Ó jókòó ti ọ̀bẹ rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èémí Ṣóyẹmí rọlẹ̀. Ó wo Fádípẹ̀ títí.

"Ọ̀bẹ mi nìyẹn. O ní o ò rí i."

Ọ̀ṣuntóyìn bú sẹ́kún. Fádípẹ̀ ní orí rẹ̀ kò tíì pé tán.

Adìẹ kọ́kọ́ rìn, Ṣóyẹmí tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ Ṣóyẹmí tọ́. Ti adìẹ ló wọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì wà.